Windows 10, Windows 11 tàbí Linux Mint: èwo ni kọ̀ǹpútà ilé yín lè gbé?

Láti October 14, 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, láti ìgbà náà sì ni ìpè àwọn ará ilé kò ti jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní nǹkan kan ṣẹ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó ní àkókò Windows àwọn ti pé, ṣé kí àwọn tẹ ibi tó ní kí àwọn tẹ̀ ni àbí kí àwọn pa á? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ṣàgámù tẹ̀lé wọn. Àbúrò wa tó ń kàwé ní Olabisi Onabanjo University ní Agọ́-Ìwòyè ló ṣe ìkẹta. Òun kò wá béèrè. Ó ti fi Windows 11 sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tán, ó fẹ́ mọ ìdí tó fi ń wọ́ bí ìgbín ni.

Ilé mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Nígbà tí mo yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò tán, ìdáhùn kan náà kò bá méjì nínú wọn mu. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà tó wà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Windows 10 pẹ̀lú ESU (àfikún àtúnṣe ààbò láti ọwọ́ Microsoft), Windows 11, àti Linux Mint (ètò mìíràn tó lè gba ipò Windows lórí kọ̀ǹpútà), kí n sì sọ èyí tí èmi ì bá mú ká ní ẹ̀rọ náà jẹ́ tèmi.

Kí ló dúró gan-an?

Kọ̀ǹpútà tó wà lórí Windows 10 kò kú. Yóò tàn, yóò ṣí fáìlì, yóò tẹ̀wé, yóò wọ íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tó dúró ni àtúnṣe ààbò tó máa ń wọlé lóṣooṣù. Kò sí oṣù kan tí wọn kì í rí ihò tuntun nínú Windows; bí wọ́n bá ti rí i, Microsoft á dí i, á sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ rántí pé Windows 10 àti 11 jọ pín ọ̀pọ̀ nǹkan nínú. Bí wọ́n bá dí ihò kan nínú 11 lónìí, olè tó bá fara balẹ̀ yẹ àtúnṣe náà wò ti mọ ibi tí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà nínú 10, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá yín dí i mọ́. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ihò wọ̀nyẹn á máa pọ̀ sí i.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ojú wa ló ṣe. Ní May 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry já wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó sì ń bèèrè owó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó dà láàmú. Oṣù kejì ṣáájú, ní March, ni Microsoft ti fi àtúnṣe ihò tó gbà wọlé ránṣẹ́. Àwọn tó gba àtúnṣe náà sùn wọra. Àwọn tí kò gbà á ni ó jẹ.

Bó bá jẹ́ pé fíìmù tó wà nínú fláàṣì nìkan lẹ fi ń wò, tí kọ̀ǹpútà náà kì í kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wọ àkáǹtì báńkì lórí rẹ̀, tàbí tí ẹ ń ka ímeèlì, tàbí tí orúkọ àti owó àwọn ẹlòmíì wà nínú rẹ̀, mi ò gbà pé kí ẹ jókòó sórí Windows 10 láì ṣe nǹkan kan. Lórí èyí, mi ò ní ọ̀rọ̀ méjì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ wò

Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti lẹ́tà R pọ̀, ẹ kọ winver sínú àpótí kékeré tó bá jáde, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ ó rí irú Windows tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 10, ẹ wò ó bóyá 22H2 ló kọ sára rẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn Windows 10. Bí tiyín bá kéré sí i, ẹ kọ́kọ́ gba àtúnṣe dé orí rẹ̀ ná.

Ẹ wá lọ sí Settings, System, About, kí ẹ wo orúkọ tó wà níwájú Processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i3, i5 tàbí i7 ló máa sọ ìran rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá rí i5-6300U, ìran kẹfà ni. Bó bá jẹ́ i5-8350U, ìran kẹjọ. Bó bá jẹ́ i5-10210U, ìran kẹwàá. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ti ń gba Intel, bí a bá yọ díẹ̀ kúrò. Ní ti AMD, àwọn Ryzen tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ láti 2000 ló pọ̀ jù nínú èyí tó gbà. Ní ojú ìwé About yìí náà lẹ ti máa rí RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), àti bóyá ẹ̀rọ náà jẹ́ 64-bit. Windows 11 kò sí fún 32-bit.

Ohun kẹta ni TPM. Ohun èlò kékeré kan nínú ẹ̀rọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí Windows fi ń ti nǹkan pa. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0. Ẹ tún tẹ Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ ó rí bóyá ó wà. Bó bá ní kò sí, ẹ má tíì sọ̀rètí nù, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìkẹrin ni dísìkì. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo Disk. Ó lè jẹ́ HDD, ó sì lè jẹ́ SSD. Nínú HDD, àwo ló ń yí bìrìbìrì tí apá kékeré kan sì ń sáré lórí rẹ̀ kiri láti wá fáìlì. Nínú SSD, kò sí ohun tó ń yí. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà òun ti darúgbó, dísìkì ni mo kọ́kọ́ ń wò, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò darúgbó: HDD ló ń fà á sẹ́yìn. Láptọ́ọ̀pù Màmá máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin láti tàn. Láti ọjọ́ tí mo ti fi SSD sí i, kí wọ́n tó gbé awò ojú wọn wọ̀, ó ti tàn tán. Bí owó ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín láti ná sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, SSD ni kí ẹ fi rà, èyíkéyìí Windows tí ẹ bá wà lórí rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| | Windows 10 pẹ̀lú ESU | Windows 11 | Linux Mint 22 |
|---|---|---|---|
| Àtúnṣe ààbò | títí di October 13, 2026 | ń bá a lọ | títí di 2029 |
| RAM | èyí tó ti wà níbẹ̀ | 4 GB ó kéré tán. Kò dùn ún lò àfi 8 | 2 GB ó kéré tán. 4 ló dáa |
| Àyè lórí dísìkì | èyí tó ti wà níbẹ̀ | 64 GB | 20 GB. 100 ló dáa |
| Owó | ọ̀fẹ́, tàbí dọ́là 30 | ọ̀fẹ́ bí Windows 10 yín bá ní láísẹ́ǹsì | ọ̀fẹ́ |
| Dátà láti gbà á | díẹ̀ lóṣooṣù | bíi 6 GB | bíi 3 GB |
| Microsoft Office, CorelDRAW | ń ṣiṣẹ́ | ń ṣiṣẹ́ | kò ní ṣiṣẹ́ |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé. Òun ni mo fi yanjú ti Ṣàgámù.

Windows 11: ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n mi ń ya ìwé ìpè ìnáwó nínú ilé wọn: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè. CorelDRAW ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kò sì mọ òmíì lò. Dell Latitude 7490 ni láptọ́ọ̀pù wọn, i5-8350U, RAM 8 GB, SSD 256 GB. Irú ẹ̀rọ yìí kò yẹ kó ní ìṣòro rárá, síbẹ̀ Windows sọ fún wọn pé kò bá a mu. Wọ́n ti ń múra àtira òmíì.

TPM ni, wọ́n kàn pa á nínú BIOS ni, ìyẹn ojú ìtò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí. Ẹni tó lo ẹ̀rọ náà lókè òkun ló lè pa á, ẹni tó tún un ṣe kó tó dé ọjà sì lè pa á. Lórí Dell, ẹ ó pa kọ̀ǹpútà, ẹ ó tan án padà, ẹ ó sì máa tẹ F2 léraléra kí àmì Dell tó lọ. Lórí HP, F10 ni. Lórí ThinkPad, F1. Ẹ wá ibi tó kọ Security, ẹ tan TPM. Àwọn Intel kan ń pè é ní PTT, AMD sì ń pè é ní fTPM. Ẹ tún rí i pé Secure Boot, tí kì í jẹ́ kí ohun àjèjì wọlé nígbà tí ẹ̀rọ ń tàn, wà ní títàn. Bí wọ́n ṣe tan án tán, Windows Update fúnra rẹ̀ gbé Windows 11 wá. CorelDRAW wà níbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀.

Ohun tó bí wọn nínú jù ni pé bọ́tìnì Start ti kúrò ní ọwọ́ òsì lọ sí àárín. Ẹ lè dá a padà: Settings, Personalization, Taskbar, kí ẹ wá Taskbar alignment, ẹ mú Left. Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ ọ̀tún mouse tí ẹ kò sì rí ohun tí ẹ ń wá, ẹ tẹ Show more options, ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ti mọ ibi tí nǹkan wà láti ọdún mẹ́wàá, ẹ má fojú kékeré wo àyípadà wọ̀nyí. Ẹ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ó bá sì wá já sí pé ẹ kò fẹ́ Windows 11 mọ́, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ ní láti padà sí 10 láì sọ ohunkóhun nù: Settings, System, Recovery, Go back. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀nà náà dí.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀. Windows 11 lè ti gbogbo dísìkì yín pa fún ààbò láì bi yín léèrè, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i jẹ́ nọ́ńbà 48, inú àkáǹtì Microsoft yín ló máa ń wà. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà nínú BIOS, Windows lè béèrè nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá ti gbàgbé ímeèlì tó fi ṣí àkáǹtì náà, tàbí tó jẹ́ pé ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un ló fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i, kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́ láéláé. Nítorí náà, ímeèlì tiyín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà 48 náà sínú ìwé, kí ìwé náà wà níbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín sí.

Linux Mint: àbúrò mi ní Agọ́-Ìwòyè

Ọ̀rọ̀ ti àbúrò mi yàtọ̀. i3 ìran kẹrin ni ẹ̀rọ rẹ̀, RAM 4 GB, HDD. Ó rí fídíò kan tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan Windows 11 jẹ kó má yẹ TPM àti processor wò, ó sì ṣe é. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ síta pé àwọn kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti pàdánù ohun kan ṣoṣo tó mú un kúrò lórí Windows 10, ó sì fi ìdẹra tó ní tẹ́lẹ̀ san owó rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe báyìí, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ wà níwájú wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Linux Mint kò sí lábẹ́ Microsoft. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, kò ní láísẹ́ǹsì tí ẹ ó rà, ẹ kò sì nílò activator kankan (ohun tí wọ́n fi ń mú kí Windows tí a kò sanwó rẹ̀ dà bí èyí tí a san) láti ibi tí ẹ kò mọ̀. Àwọn activator yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ kíyè sí wọn: ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè ni pé kí ẹ pa áńtífáírọ́ọ̀sì yín, ẹ sì wo ohun tí ìyẹn jọ: àlejò tó ní kí ẹ kọ́kọ́ so ajá yín mọ́lẹ̀.

Mint mẹ́ta ló wà: Cinnamon, MATE àti Xfce. Fún RAM 4 GB, Xfce ni kí ẹ mú, òun ló fúyẹ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Mint ni pé ẹ lè tọ́ ọ wò kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ fi í sórí fláàṣì 8 GB, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí fláàṣì náà, yóò ṣí lójú yín pátá láì fọwọ́ kan Windows tó wà nínú. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wò. Bí ó bá dá yín lọ́rùn, kí ẹ tó fi í sínú. Bí kò bá dá yín lọ́rùn, ẹ yọ fláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Ó máa ń lọ́ra díẹ̀ lórí fláàṣì, ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Àwọn ohun tí kò sí níbẹ̀ ń kọ́? Microsoft Office tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà kò sí. LibreOffice ló wà níbẹ̀, ó ń ṣí fáìlì Word àti Excel, ó sì ń fi wọ́n pamọ́ bẹ́ẹ̀. Fún lẹ́tà àti iṣẹ́ kíláàsì, kò sí wàhálà. Fún project tó ní ojú ìwé ọgọ́rin, tí atọ́nà rẹ̀ ń dá a padà pẹ̀lú àtúnṣe pupa lára, ìlà àti tábìlì lè yẹ̀ kúrò ní ipò wọn. Mo ní kó máa kọ ọ́ nínú LibreOffice, kó sì lọ fi Word orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Zoom wà fún Linux, WhatsApp Web ń ṣí nínú Firefox. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ohun èlò tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìdánrawò JAMB láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, Windows nìkan ni wọ́n ṣe é fún. QuickBooks Desktop àti Photoshop náà kò sí fún Linux. Ilé tí ọmọ tó fẹ́ kọ JAMB bá wà, ẹ ro èyí dáadáa.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ọ̀pọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní kété tí ẹ bá ti so ó pọ̀. Àwọn HP LaserJet kéékèèké kan, bíi P1102 tó wọ́pọ̀ nílé àwọn èèyàn, ń fẹ́ kí ẹ gba àfikún kan láti íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó tẹ̀wé. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí dátà bá wà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá nílò ìwé kíákíá.

Àbúrò mi bẹ̀rù pé òun ò ní lè fi àmì sórí Yorùbá mọ́, nítorí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè ló wà. Bọ́tìnì Yorùbá wà nínú Mint, lábẹ́ Nàìjíríà, níbi tí a ti ń yan irú keyboard. Ó wà nínú Windows 10 àti 11 náà, lábẹ́ Language. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i pé àwọn méjèèjì rántí wa níbi èyí, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kéré tó láàárín àwa tí a ní èdè.

Windows 10 pẹ̀lú ESU: Màmá mi

Kí á tó kọ́lé, ibì kan là ń gbé. ESU ni ibì kan yẹn. Àtúnṣe ààbò nìkan ni, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀, ó sì fún Windows 10 inú ilé ní ọdún kan sí i, títí di October 13, 2026. Ọ̀nà mẹ́ta ni Microsoft là sílẹ̀ láti gbà á: ẹ gbà kí Windows Backup máa tọ́jú ìtò kọ̀ǹpútà yín sí àkáǹtì Microsoft, kò ná yín ní nǹkan kan, tàbí ẹ lo 1,000 point Microsoft Rewards, tàbí ẹ san dọ́là 30. Ìsanwó kan lè gbé kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, ẹ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Microsoft. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ wá ibi tó kọ Enroll now.

Kí ló dé tí mo fi yan èyí fún Màmá? EliteBook 840 G3 ni tiwọn, i5-6300U, ìran kẹfà, kò lè lọ sí 11. Ó gbé Mint dáadáa, mo dán an wò lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wọn. Ìwé Excel tí wọ́n fi ń ṣírò owó àwọn èèyàn, ẹni tó ṣe é fún wọn fi macro sínú rẹ̀: wọ́n á tẹ ibì kan, gbogbo ìdókòwò àti ẹ̀yáwó á jáde ní ìlà ní ìlà. Nínú LibreOffice, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn kò ṣe nǹkan kan. Mo lè fi oṣù kan kọ́ wọn ní ọ̀nà mìíràn. Àmọ́ owó ẹlòmíì kọ́ ni èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó kó owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ jọ láti ra ràmù Iléyá kò ní fẹ́ gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló ṣì í kà.

Nítorí náà, SSD àti ESU fún ìsinsìnyí, wọ́n sì ti ń dá àjọ sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ tó máa lè gbé Windows 11 kí ọjọ́ náà tó pé. ESU láìsí ètò ohun tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ìdúró lásán ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Màmá gbé láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò ṣáájú èyí lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú. Wọ́n ní kó bá àwọn mú un yá díẹ̀. Ó fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Kò béèrè, kò kó nǹkan kan pamọ́. Ìwé ẹgbẹ́ ọdún mẹ́ta lọ. Fọ́tò Bàbá mi lórí pápá Ojúde Ọba, pẹ̀lú àwọn regbérégbé wọn nínú aṣọ kan náà, ọdún tó kẹ́yìn tí wọ́n jáde kí wọ́n tó kú, ó lọ. Ìwé ẹgbẹ́, a kó o jọ padà láti inú ìwé sísan àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó gbà wá ní oṣù méjì. Fọ́tò náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ohunkóhun padà lórí kọ̀ǹpútà ilé wa kí fáìlì tó wà níbi méjì mìíràn. Ọ̀kan lórí dísìkì ìta tàbí fláàṣì ńlá, ìkejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹlòmíì. Ẹ má sì gbà pé ó ti wọlé nítorí pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé dísìkì náà sára kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí fọ́tò mẹ́ta àti ìwé mẹ́ta, kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ wo Desktop, Documents, Downloads àti Pictures. Ẹ wo páswọ́ọ̀dù tó wà nínú browser. Bí ẹ bá ń lo Outlook, ẹ béèrè ibi tí ímeèlì yín wà.

Windows 10 sí 11 láti inú Windows Update kì í pa fáìlì rẹ́. Síbẹ̀, iná lè lọ láàárín, bátìrì tòkunbọ̀ sì lè má gbé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí iná NẸ́PÀ nìkan. Kí inverter wà níbẹ̀, tàbí kí epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, kí wákàtí méjì sì wà lọ́wọ́ yín. Bí hotspot fóònù lẹ ń lò, ẹ wọ ètò Wi-Fi, ẹ tan Metered connection, kí Windows má baà fi dátà yín gba ohun tí ẹ kò tíì fẹ́. Ẹ pa á lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra òmíì

Yálà Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, orúkọ tó wà lára láptọ́ọ̀pù kò tó. Wọ́n á sọ fún yín pé EliteBook 840 G5 ń gba Windows 11. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà á lóòótọ́, ìran kẹjọ ni. Ṣùgbọ́n HP ṣe G5 kan pẹ̀lú i5-7200U àti i5-7300U, ìran keje, wọn kò sì sí nínú ohun tí Windows 11 gbà. Láti ìta, ẹ kò lè fi wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹ má sì jẹ́ kó tàn yín pé Windows 11 ti wà lórí rẹ̀: ẹ ti rí i pé àbúrò mi fi í sórí ìran kẹrin. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín, ẹ wọ Settings, System, About, kí ẹ ka orúkọ processor fúnra yín kí ọwọ́ tó kan owó.